Ta Ló Kọ Lẹ́tà Yìí? Bí A Ṣe Ń Ka Ẹ̀rí Tó Wà Lórí Ímeèlì

Ọ̀rọ̀ ímeèlì ni mo gbé wá lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má tíì pa rédíò o, kó ní ọ̀rọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ owó yín ni.

Ẹ jẹ́ ká mú oníṣòwò kan tó ń kó ọjà wá láti Guangzhou. Ó ti pẹ́ tí òun àti ilé-iṣẹ́ tó ń tajà fún un ti ń bára wọn ná. Lọ́jọ́ kan, ímeèlì wọlé. Orúkọ ẹni tó máa ń bá sọ̀rọ̀ ló wà lókè rẹ̀. Iye ọjà pé, iye owó pé, kódà nọ́ńbà invoice pé. Nǹkan kan ṣoṣo ló yàtọ̀: wọ́n ní àwọn ti yí báńkì padà, kó san owó náà sínú àkáǹtì tuntun. Ó san án. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ náà pè é pé àwọn ò tíì rówó ló tó mọ̀ pé gbájúẹ̀ ti gbé owó òun lọ.

Irú jìbìtì yìí kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 2023, owó tí àwọn èèyàn fi ẹjọ́ rẹ̀ sun àjọ FBI ní Amẹ́ríkà lórí irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ tó bílíọ̀nù dọ́là 2.9. Àwa náà mọ̀ ọ́n níbí dáadáa. Ramon Abbas tí gbogbo ayé mọ̀ sí Hushpuppi, tí kóòtù ní Los Angeles rán lọ sẹ́wọ̀n ọdún 11 àti oṣù 3 ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ ni ti ilé-iṣẹ́ lọ́yà kan ní New York. Òṣìṣẹ́ wọn kọ̀wé sí àdírẹ́sì ímeèlì tó jọ ti báńkì, kì í sì í ṣe ti báńkì. Owó tó lé ní 900,000 dọ́là ló gba ibẹ̀ lọ.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni ímeèlì rí lójú wa. Ohun tó máa ń ká mi lára ni pé ọ̀pọ̀ lẹ́tà ayédèrú ló máa ń gbé ẹ̀rí ara rẹ̀ dání wọlé. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gba lẹ́tà náà sílẹ̀ fún yín, ti yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó rí i, ó sì ti kọ ohun tó bá níbẹ̀ sórí lẹ́tà. A kì í kà á ni. Mo fẹ́ ká jọ kà á lónìí. Mo sì fẹ́ ká mọ ibi tí ẹ̀rí náà mọ, torí ẹni tó bá kà á láàbọ̀ wà nínú ewu ju ẹni tí kò kà á rárá lọ. Ó máa rí «pass», ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sanwó.

Kí ló tiẹ̀ mú kí èèyàn lè fi orúkọ ẹlòmíràn kọ ímeèlì? Ní oṣù kẹjọ ọdún 1982, Jon Postel, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Southern California, tẹ ìwé ìlànà kan jáde lórí bí kọ̀ǹpútà á ṣe máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ síra wọn. SMTP ni wọ́n ń pè é, òun la ṣì ń lò títí dòní. Àwọn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn kò pọ̀. Àwọn olùkọ́ yunifásítì, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ọ̀pọ̀ wọn sì mọra. Ìlànà náà kò béèrè ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí olùránṣẹ́ bá kọ síbi «From» ni lẹ́tà á gbé dé ọ̀dọ̀ yín. Bó bá wù ú, kó kọ orúkọ gómìnà síbẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Orúkọ olùránṣẹ́ méjì ni ímeèlì kọ̀ọ̀kan máa ń gbé. Ọ̀kan wà nínú lẹ́tà, òun lẹ̀ ń rí níbi «From». Èkejì wà lẹ́yìn àpòòwé. Òun ni sáfà tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ máa ń sọ fún sáfà tó ń gbà á, ibẹ̀ sì ni wọ́n á dá lẹ́tà padà sí tí kò bá rí ẹni gbà á. Àpòòwé yẹn kì í hàn sí yín. Orúkọ méjèèjì lè yàtọ̀ láìsí jìbìtì kankan níbẹ̀: báńkì lè gbé iṣẹ́ ìfilẹ́tàránṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ mìíràn, kí ilé-iṣẹ́ náà sì fi orúkọ tirẹ̀ sẹ́yìn àpòòwé. Ẹ ṣáà fi orúkọ méjì yìí sọ́kàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣí lẹ́tà. Lórí kọ̀ǹpútà lẹ ti máa ṣe é, kì í ṣe lórí fóònù. Tó bá jẹ́ Gmail lẹ̀ ń lò, ẹ ṣí ímeèlì náà, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún lókè, ẹ wá yan «Show original». Ní Yahoo Mail, «View raw message» ni wọ́n pè é. Ní Outlook, ẹ wá «View message source». Ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ á jáde síwájú yín, gbogbo rẹ̀ á sì dà bí ohun tí kò lórí tí kò nídìí. Ẹ má bẹ̀rù. Ìlà kan ṣoṣo là ń wá, orúkọ rẹ̀ ni «Authentication-Results». Ẹ tẹ Ctrl pọ̀ mọ́ F, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kọ̀ǹpútà á bá yín wá a jáde. Gmail tiẹ̀ ti ṣe ìrànwọ́ kan: ó ti kó àbọ̀ mẹ́ta tó ṣe pàtàkì jù sínú àpótí kékeré lókè ojú ìwé náà, SPF, DKIM àti DMARC. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀ o. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ ka ìlà náà fúnra yín.

Kí ẹ tó ka ohun tó sọ, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó kọ ọ́. Orúkọ sáfà tó ṣàyẹ̀wò ló máa ń tẹ̀lé «Authentication-Results» lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fún ẹni tó ń lo Gmail, mx.google.com lẹ máa rí níbẹ̀. Sáfà tiyín nìkan lẹ lè gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́, torí kò sí ohun tó dí gbájúẹ̀ lọ́wọ́ láti kọ ìlà «Authentication-Results» tirẹ̀ sínú lẹ́tà kó tó fi ránṣẹ́, kó sì kọ «pass» kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn tó ṣe ìlànà ìlà yìí rò ó dáadáa. Ọdún 2009 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, wọ́n tún un ṣe ní ọdún 2019, wọ́n sì pàṣẹ pé bí sáfà tó gba lẹ́tà bá bá ìlà tí ẹlòmíràn fi orúkọ rẹ̀ kọ, kó yọ ọ́ dànù. Sáfà yín máa ń kọ tirẹ̀ sórí àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà láti òkè ni kí ẹ ti máa kà á bọ̀. Ìlà tó bá wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú orúkọ sáfà tí ẹ ò mọ̀, ẹ má fi ṣe nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SPF. Orúkọ tó máa ń tẹ̀lé àmì «at» nínú àdírẹ́sì ímeèlì là ń pè ní dòméènì. Ẹni tó bá ni dòméènì lè kọ ọ́ sínú DNS, ìyẹn àkójọ orúkọ tí gbogbo kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè wò, pé àwọn sáfà báyìí báyìí ni mo yọ̀ǹda fún láti máa bá mi fi lẹ́tà ránṣẹ́. Bí lẹ́tà bá dé, sáfà yín á wo nọ́ńbà kọ̀ǹpútà tó gbé e wá, á wo dòméènì tó wà lẹ́yìn àpòòwé, á lọ wo àkójọ náà bóyá nọ́ńbà yẹn wà níbẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, «spf=pass». Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tó ni dòméènì ló máa sọ bó ṣe fẹ́ kí wọ́n pè é. «Fail» ni pé kò yọ̀ǹda fún ẹni yẹn rárá. «Softfail» ni pé kò dà bíi tòun, àmọ́ kí wọ́n má tíì dá a padà. Bí ẹ bá rí «none», ẹni náà kò kọ àkójọ kankan rí. «Permerror» wá túmọ̀ sí pé ó kọ ọ́, àmọ́ ó kọ ọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Òye mi ni pé «softfail» lórí lẹ́tà tó ń béèrè owó ti tó kí èèyàn dìde dúró.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ibi tí SPF kù sí. Ẹ̀yìn àpòòwé ló ń wò. Kò wo inú lẹ́tà. Gbájúẹ̀ lè ra dòméènì tirẹ̀, kó kọ àkójọ tirẹ̀ bó ṣe yẹ, kó fi dòméènì náà sẹ́yìn àpòòwé, kó wá kọ orúkọ báńkì yín síbi «From». Sáfà yín á kọ «spf=pass», kò sì parọ́. Òótọ́ ni pé ẹni tó ni àpòòwé ló fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ẹni tó ni àpòòwé ni kì í ṣe báńkì yín.

Èkejì ni DKIM, tó ti inú iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ Yahoo àti Cisco jáde, tó sì di ìlànà fún gbogbo ayé ní ọdún 2007. Ìfọwọ́sí ni èyí. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní kọ́kọ́rọ́ méjì tó bára wọn tan. Ó fi ọ̀kan pamọ́ sọ́dọ̀, ó gbé èkejì síta sínú DNS. Sáfà rẹ̀ á fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ fọwọ́ sí lẹ́tà kó tó jáde, sáfà yín á sì fi kọ́kọ́rọ́ gbangba yẹ ìfọwọ́sí náà wò. Bí ẹnikẹ́ni bá yí ohun tí wọ́n fọwọ́ sí padà lójú ọ̀nà, kódà kó jẹ́ òǹkà kan ṣoṣo nínú nọ́ńbà àkáǹtì, ìfọwọ́sí náà á bàjẹ́. Ẹ ò ní rí «dkim=pass» mọ́.

Kọ́kọ́rọ́ yìí ní bó ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó, ìtàn kan sì wà lórí rẹ̀ tí mo fẹ́ràn gidi. Ní ìparí ọdún 2011, Zachary Harris, onímọ̀ ìṣirò kan ní Amẹ́ríkà, gba ímeèlì láti ọ̀dọ̀ Google pé ṣé kò fẹ́ wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn. Ó rò pé lẹ́tà ayédèrú ni. Ó ṣí orí lẹ́tà náà, ó kà á, ó sì rí i pé kọ́kọ́rọ́ tí Google fi ń fọwọ́ sí lẹ́tà wọn jẹ́ 512 bit, bẹ́ẹ̀ ìlànà ní ó kéré tán kó jẹ́ 1,024. Ó rò pé bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, láti dán òun wò. Ó yá kọ̀ǹpútà ńlá lò lọ́dọ̀ Amazon, ó ṣírò kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ náà jáde láàárín ọjọ́ mẹ́ta, owó tó ná sí i kò ju nǹkan bíi 75 dọ́là lọ. Ló bá fi kọ̀wé ní orúkọ Sergey Brin sí Larry Page, àwọn méjèèjì tó dá Google sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi rí i pé Google ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà sí 2,048 bit. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ìwé ìròyìn Wired gbé ìtàn náà jáde, ayé wá mọ̀ pé Google nìkan kọ́ ló ń lo kọ́kọ́rọ́ tẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan gba lẹ́tà tí kò dá a lójú, ó sì lọ ka orí rẹ̀ dípò kó kàn fèsì. Ìṣirò tó ṣe kọjá agbára ọ̀pọ̀ nínú wa, àmọ́ ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó mọ̀wé kà ló lè gbé e.

DKIM náà ní ibi tó kù sí. «Dkim=pass» sọ pé dòméènì kan fọwọ́ sí lẹ́tà yìí. Dòméènì wo? Ó lè jẹ́ ti báńkì, ó sì lè jẹ́ èyí tí gbájúẹ̀ ra. Ẹ wo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ «pass» náà, ẹ máa rí «header.i» tàbí «header.d», orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i wà níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ẹ̀kẹta, DMARC. Oṣù kìíní ọdún 2012 ni Google, Microsoft, Yahoo, PayPal àti àwọn mìíràn kó ara wọn jọ gbé e jáde. DMARC kò tún lẹ́tà yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó mú àbọ̀ SPF àti ti DKIM, ó béèrè ìbéèrè kan tí àwọn méjèèjì kò béèrè: orúkọ tí ẹ̀yin rí gbà wọlé yìí, ṣé òun náà ni ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà yìí sí ń rí níbi «From»? Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá gbà wọlé, tí orúkọ rẹ̀ sì bá ti «From» mu, «dmarc=pass». Bí kò bá sí èyí tó bá a mu, «dmarc=fail», bí SPF àti DKIM tilẹ̀ ń pariwo «pass».

Ẹ jẹ́ ká ka ọ̀kan pọ̀. Mo máa lo example.com àti example.net, àwọn orúkọ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ. Ká ní example.com ni ilé ìwé tí ọmọ yín ń lọ ní òkè òkun, wọ́n wá kọ̀wé pé kí ẹ san owó ilé ìwé sínú àkáǹtì tuntun. Ẹ ṣí orí lẹ́tà. Orúkọ àkọ́kọ́ ni mx.google.com. Ó dáa, sáfà yín ló kọ ọ́. Ó tẹ̀ síwájú: «dkim=pass», lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ «header.i» jẹ́ example.net. «Spf=pass», lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ «smtp.mailfrom», ìyẹn ẹ̀yìn àpòòwé, jẹ́ example.net. Ẹni tó ń kánjú á ti pa kọ̀ǹpútà dé níbí, á ní ó ti pass lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kà á dé òpin. «Dmarc=fail», lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ «header.from» jẹ́ example.com. Ẹ rí i báyìí. Example.net ló fi lẹ́tà ránṣẹ́, òun náà ló fọwọ́ sí i, àmọ́ orúkọ ilé ìwé ló gbé sójú. Ẹ má sanwó.

Ẹ lè béèrè pé kí ló wá dé tí Gmail kò fi ti lẹ́tà yẹn síta. Ìdáhùn wà nínú ìlà kan náà. Lẹ́yìn «dmarc=fail», ẹ máa rí «p=NONE». Ìtọ́ni ẹni tó ni dòméènì nìyẹn. Mẹ́ta ni ìtọ́ni tó lè fi sílẹ̀. «None» ni pé ẹ kàn máa ròyìn fún mi. «Quarantine» ni pé ẹ jù ú sínú spam. «Reject» ni pé ẹ má jẹ́ kó wọlé rárá. Ilé ìwé yẹn fi «none» sílẹ̀, torí náà sáfà rí i pé orúkọ kò bára mu, ó kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ kò sí ìtọ́ni pé kó lé e padà. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú. Ilé-iṣẹ́ lè ní gbogbo irinṣẹ́ yìí lọ́wọ́, kó fi «none» sílẹ̀ lọ́dún dé ọdún, kí àwọn oníbàárà rẹ̀ sì máa jìyà rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Britain. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní London àti Manchester mọ lẹ́tà tó máa ń wá ní orúkọ HMRC, àjọ tó ń gba owó orí níbẹ̀, pé ìjọba jẹ yín lówó, ẹ wá fi nọ́ńbà káàdì yín sílẹ̀. Nígbà tí àjọ náà gbé DMARC kalẹ̀ tó sì jẹ́ kó múná, ó kéde ní ọdún 2016 pé mílíọ̀nù 300 ímeèlì ayédèrú ni òun ti dá dúró lọ́dún náà. Àwọn gbájúẹ̀ kò jáwọ́, àmọ́ wọn ò lè fi dòméènì àjọ náà gan-an kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́. Láti oṣù kejì ọdún 2024, Google àti Yahoo ti sọ ọ́ di dandan: ẹni tó bá ń fi ímeèlì rẹpẹtẹ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà wọn, èyí tí Google kà sí 5,000 lóòjọ́, gbọ́dọ̀ ní SPF, DKIM àti DMARC. Microsoft náà tẹ̀lé wọn ní ọdún 2025. Bẹ́ẹ̀ «none» ṣì tó fún dandan yẹn. Lójú tèmi, kò tó.

Kí n má bà á ṣi yín lọ́nà, kì í ṣe gbogbo «fail» ni olè. Bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde yín bá ní àdírẹ́sì kan tó ń gba lẹ́tà tó sì ń tari rẹ̀ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, lẹ́tà náà á ti ọwọ́ sáfà ẹgbẹ́ dé ọ̀dọ̀ yín, sáfà yẹn kò sì sí nínú àkójọ ẹni tó kọ ọ́. SPF lè kùnà. Bí wọ́n bá fi orúkọ ẹgbẹ́ sí iwájú àkọlé lẹ́tà, DKIM náà lè kùnà, torí wọ́n ti yí ohun tí wọ́n fọwọ́ sí padà. Olóòótọ́ ló kọ ọ́, «fail» ló sì gbé wá. Nítorí náà, bí ẹ bá rí «fail», ẹ bi ara yín pé ọ̀nà wo ni lẹ́tà yìí gbà wá, kí ni ó sì ń béèrè. Ìwé ìpè sí ìpàdé tó fail, ẹ lè rẹ́rìn-ín sí i. Nọ́ńbà àkáǹtì tó fail, ẹ dúró.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù ló kù yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi létí. «Pass» mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè pé, kí lẹ́tà náà sì jẹ́ ti olè. Ọ̀nà méjì ló lè gbà ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà kan ni pé kí gbájúẹ̀ ra dòméènì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti ilé-iṣẹ́ náà tán. Á fi «r» àti «n» sí ibi tó yẹ kí «m» wà, tàbí kó fi òǹkà 1 rọ́pò «l». Dòméènì tirẹ̀ ni, ó rà á, ó sanwó rẹ̀, ó gbé SPF, DKIM àti DMARC sí i. Sáfà yín á yẹ̀ ẹ́ wò, á ní òótọ́ ni, orúkọ yìí ló kọ lẹ́tà yìí. Sáfà kò mọ̀ pé orúkọ mìíràn ló wà lọ́kàn yín. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ ka «header.from» náà ní álífábẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi wé èyí tó wà lórí ìwé tí ẹ ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà kejì burú ju ìyẹn lọ. Gbájúẹ̀ á jí password òṣìṣẹ́ kan, á wọ inú àpótí ímeèlì rẹ̀, á jókòó síbẹ̀, á máa ka gbogbo ìdúnàádúrà tó ń lọ, títí ọjọ́ invoice á fi dé. Nígbà náà ló máa kọ lẹ́tà tirẹ̀ láti inú àpótí náà gan-an. Sáfà tòótọ́ ló fi ránṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ tòótọ́ ló fọwọ́ sí i, dòméènì tòótọ́ ló wà lójú rẹ̀. Kò sí ìlà kan lórí lẹ́tà yẹn tó máa sọ fún yín pé olè ni. Ohun tí «pass» mọ̀ ni dòméènì tí lẹ́tà ti wá. Kò mọ ọwọ́ tó tẹ kíbọọ̀dù, kò sì mọ ohun tó wà nínú ọkàn onítọ̀hún.

Ẹ tún yọjú wo ìlà «Reply-To». Bí «From» bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, tí «Reply-To» wá jẹ́ àdírẹ́sì Gmail kan tí ẹ ò rí rí, èsì tí ẹ bá kọ kò ní dé ilé-iṣẹ́ náà. DMARC kì í wo ibẹ̀.

Nítorí náà, lẹ́tà èyíkéyìí tó bá ní kí ẹ yí nọ́ńbà àkáǹtì padà, ì báà pass, ì báà fail, ẹ pe ẹni náà lórí fóònù kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ má pe nọ́ńbà tó wà nínú lẹ́tà náà o. Èyí tí ẹ ti ní lọ́wọ́ kí lẹ́tà tó dé ni kí ẹ pè, kí ẹ sì gbọ́ ohùn ẹni tí ẹ mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-iṣẹ́, ilé ìwé, ilé ìwòsàn tàbí ìjọ tó ń fi dòméènì tirẹ̀ kọ̀wé, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín rèé. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá ti mọ́, ẹ pe ẹni tó ń bá yín bójú tó kọ̀ǹpútà yín, ẹ bi í pé kí ló wà nínú DMARC wa. Bó bá ní kò sí nǹkan kan, ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá ní «none» ló wà níbẹ̀, ẹ ní kó ka ìròyìn tó ń wọlé lórí rẹ̀, kó rí i dájú pé gbogbo sáfà tó ń bá yín fi lẹ́tà ránṣẹ́ ti wà nínú àkójọ, kó wá gbé e lọ sí «quarantine», kó sì gbé e dé «reject». Kò sí owó tí ẹ máa san fún ẹnikẹ́ni kí ẹ tó lè kọ ọ́ sínú DNS yín. Orúkọ yín ni àwọn gbájúẹ̀ ń gbé kiri, ẹ̀yin nìkan lẹ sì lè sọ fún ayé pé kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn fún wọn.